Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìdíje mọ́tò asáré àtijọ́ l'Ékòó: Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kọ máàkì

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó.

Ìkéde tí ẹ fi síta nípa ìdíje ọdún yìí ló mú wa kọ̀wé. Ẹ ní àwọn adájọ́ ò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, torí ó ń gba àkókò. Ẹ ní gbogbo mọ́tò ni yóò jà nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo: èyí tó ṣì wà bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́, èyí tí wọ́n tún ṣe padà sí bó ṣe wà, àti èyí tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n tún kọ́ lákọ̀tun. Ẹ ní ìbò orí fóònù ni yóò kó ìdajì máàkì. Ẹ tún ní mọ́tò tí ohùn sàlẹ́ńsà rẹ̀ bá ròkè jù yóò gba èrè lórí rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ni pánẹ́ẹ̀bítà, wẹ́dà, pẹ́ńtà, rẹwáyà àti mẹkáníìkì tí ń tún mọ́tò wọ̀nyí kọ́ ní Mushin, Surulere, Yaba àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹjọ́ wa kò ju ọ̀kan lọ. Ohun tí ẹ bá fún ní máàkì ni oníbàárà máa ń san owó rẹ̀, ohun tí oníbàárà bá sì san owó rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe. Bó bá jẹ́ dídán ọ̀dà nìkan lẹ ń wò, ọ̀dà nìkan la ó máa rí owó gbà lé lórí, bíréèkì á wà bẹ́ẹ̀. Mọ́tò yìí ò sì ní sun Victoria Island tí ẹ ti ń ṣe ìdíje. Afárá Third Mainland ló máa gbà padà sílé, pẹ̀lú èèyàn nínú.

1. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní ẹ ò ní ṣí.

Ó ń gba àkókò lóòótọ́, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká fi Datsun 240Z ṣe àpẹẹrẹ. Bó ṣe kúrò ní Japan, ẹ́ńjìnnì L24 ló wà nínú rẹ̀: sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, 2,393 cc, agbára ẹṣin 151, kábúrétọ̀ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí lè wá ẹ́ńjìnnì 2JZ-GE tòkunbọ̀ tó jáde lára Lexus GS300, lítà mẹ́ta, agbára ẹṣin bíi 220. Ó máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá jókòó tán ni iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Dìfù R180 (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn) tó bá 240Z wá kò ní pẹ́ kó tó máa ké lábẹ́ agbára yẹn; R200 tó wà lára àwọn Datsun Z tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbé sí i, torí gíà ńlá inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 200 dípò 180. Pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ di gígé kó bá ìwọ̀n mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí i lórí ẹ̀rọ kó má baà máa gbọ̀n.

Epo ńkọ́? Kábúrétọ̀ ò fẹ́ kí agbára tí epo fi ń tì wọlé ju psi 3 sí 4 lọ. Ìnjẹ́kítọ̀ 2JZ ń fẹ́ nǹkan bíi 40. Adájọ́ tó bá mú tọ́ọ̀ṣì, tó bẹ̀rẹ̀ wo inú, á rí òótọ́ lára róbà epo fúnra rẹ̀, torí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lára. Bó bá ka 30R7, róbà kábúrétọ̀ nìyẹn. 30R9 ni ti ìnjẹ́kítọ̀. Kó wo kílíìpù tó dì í. Èyí tí wọ́n lu ihò tẹ̀léra-tẹ̀léra sí lára máa ń jẹ róbà wọnú nígbà tí wọ́n bá fún un. Èyí tí etí rẹ̀ ká sókè, tó ní bóòtù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í gé e. Kó tọ róbà náà láti pọ́ǹpù títí dé ẹ́ńjìnnì, kó wò ó bóyá ó gba ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín kọjá láìsí irin tó dáàbò bò ó, bóyá ó ń ha ara rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tó gbà kọjá láìsí róbà etí ihò. Ibi tí iná ti ń sọ nìyẹn. Dídán ọ̀dà kò lè sọ èyí fún yín láéláé.

Ẹ wá wo omi. Mẹkáníìkì tó ń yọ tẹ́mósítáàtì (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná) sọnù pọ̀ l'Ékòó, torí wọ́n gbà pé òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì hó. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, bíi 82°C. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé òtútù àárọ̀ ṣì ń mú un, á máa da epo sí i jù, epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ohun tó ń mú mọ́tò hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni fáànù tí wọn ò ṣe ìbòrí yí ká, tó fi jẹ́ pé ààrin rédíétọ̀ nìkan ló ń fa afẹ́fẹ́ gbà, tàbí rédíétọ̀ tí wọ́n ń bu omi ẹ̀rọ lásán sí títí ìpẹtà fi dí i. Kúláǹtì ìdajì, omi dísítíìlì ìdajì, ló tọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án gangan. Bí gééjì bá dúró, tí fáànù ń tàn tó sì ń kú fúnra rẹ̀, ẹ fún ẹni tó ṣe é ní máàkì tó pé.

Wáyà náà wà níbẹ̀. Gílóòbù H4 méjì tó jẹ́ wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa iná tó tó ámpíà 10. Bí wọ́n bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gba inú súwíìṣì àtijọ́ kọjá láìfi rìléè (súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná ńlá) sí i, súwíìṣì náà á yọ́ lọ́jọ́ kan. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n wé ní tépù dúdú kì í pẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru á yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, tépù á tú. Ojú ìdè tí wọ́n fi irin fún pọ̀, tí wọ́n sì fi róbà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án bò, ló yẹ kí rẹwáyà gba máàkì lé lórí. Lára àwọn MGB àkọ́kọ́, mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1962, ẹnu pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò. Rẹwáyà tí kò bá yí i padà kó tó so rédíò tàbí kọ̀ǹpútà ìgbàlódé mọ́ ọn á jó o lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yíyí i padà dáadáa jẹ́ iṣẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ pé wọ́n ṣe é bí ẹ ò bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

2. Bíréèkì, sítíárìn àti ohun tó gbé mọ́tò dúró.

Nínú ìwé máàkì tí ẹ gbé jáde, kò sí ìlà kan fún bíréèkì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 140 ní wákàtí kan gbé agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ń sáré 100, bíréèkì ló sì máa sọ ọ́ di ooru nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

240Z ní dísìkì tó rí pẹlẹbẹ, tí kò ní ihò afẹ́fẹ́, níwájú, ó sì ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ó tó fún agbára ẹṣin 151 àtijọ́. Kò tó fún 2JZ. Ọ̀nà tí kò wọ́n, tó sì dáa, ni kálípà onípísítìnnì mẹ́rin ti Toyota Hilux àtijọ́, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wọ́. Ó máa ń bọ́ sí ibi ìdè 240Z, àwo irin ẹ̀yìn dísìkì nìkan ni wọ́n máa gé díẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan fún dísìkì pẹlẹbẹ, ọ̀kan fún dísìkì tó nípọn tó ní ihò afẹ́fẹ́ láàrin. Ẹni tó bá gbé dísìkì tó nípọn sí i gbọ́dọ̀ fi ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi láàtì gé sẹ́yìn rẹ̀ kó lè wà láàrin kálípà gẹ́lẹ́. Kálípà tó tóbi ń gba ọ́ìlì jù, nítorí náà másítà (pọ́ǹpù ọ́ìlì bíréèkì) 7/8 ínǹṣì tó bá mọ́tò wá á jẹ́ kí pẹ́dàlì máa rì wọlẹ̀. Ti 15/16 ló bá a mu. Bí iwájú bá sì ti lágbára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe bíréèkì ẹ̀yìn náà, kí iwájú má baà máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ohun tí adájọ́ máa ṣe kò le. Kó jókòó, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kó tẹ pẹ́dàlì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Kò gbọdọ̀ rì. Kí ẹlòmíràn yí sítíárìn lọ sí ìparí lọ́tùn-ún àti lósì, kó wò ó bóyá róbà bíréèkì lọ́ tàbí ó ń ha mọ́ táyà. Kó fa bíréèkì ọwọ́ lórí ibi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí àìmọye mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kó béèrè irú ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú mọ́tò: DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ gbà tó 230°C kó tó hó, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́, ó lè bọ́ sí 155°C. Nínú ọ̀rinrin Èkó, pípààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì kì í ṣe àṣejù.

Sípíríìnì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé kí mọ́tò lè sún mọ́lẹ̀, ẹ máa yọ máàkì lé e lórí. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò sókè lórí jáàkì, sípíríìnì tí wọ́n gé á yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Nínú kòtò Èkó, ohun kan náà ló máa ṣe.

Táyà: ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n kun ní dúdú á dán lójú fọ́tò, nọ́ńbà yẹn kì í parọ́. Ẹ wo nọ́ọ̀tì ríìmù pẹ̀lú, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi ìtẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ríìmù kó lè fẹ̀ síta. Bí bóòtù bá jẹ́ mìlímítà 12, nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ mu ún tó mìlímítà 12, kò gbọdọ̀ dín.

3. Ọ̀dà àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

A ò sọ pé kí ẹ má wo ọ̀dà. Pẹ́ńtà wà nínú wa, iṣẹ́ wọn sì le. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ wò ó débi tí irin wà.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí irin àtijọ́ sinmi ní Èkó. 240Z máa ń pẹtà lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, lórí irin gbọọrọ tó gbé ilẹ̀ rẹ̀ ró, àti nínú kòtò táyà àfirọ́pò. MGB máa ń pẹtà nínú irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, èyí tó jẹ́ ìpele irin mẹ́ta tí wọ́n jó pọ̀. Pánẹ́ẹ̀bítà tó bá pààrọ̀ tòde nìkan ti bo egbò mọ́lẹ̀ ni. Kí adájọ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, kó fi ìka wá ihò kékeré tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ irin yẹn. Bí bọ́dífílà tàbí ọ̀dà dúdú abẹ́ mọ́tò bá ti dí wọn, omi òjò ti wà nínú, bí ọ̀dà tilẹ̀ jẹ́ ti ànà. Kó fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn kó sì tì í. Mọ́tò tí kò ní òrùlé, tí egungun rẹ̀ ti jẹ, á tẹ̀ lójú ẹsẹ̀: àlàfo òkè ilẹ̀kùn á pa dé, ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́. Èyí tí egungun rẹ̀ le, àlàfo rẹ̀ ò ní yí padà.

Ẹ ra mítà tí wọ́n fi ń wọn nípọn ọ̀dà. Kò wọ́n ju ife ẹ̀yẹ tí ẹ ń pín lọ. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ máa ń wà láàrin máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló jẹ́ mìlímítà kan). Ọ̀dà tí wọ́n tún fín dáadáa lè dé 300. Bí mítà bá kọjá 1,000, bọ́dífílà wà lábẹ́ rẹ̀. Bọ́dífílà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá ti ju mìlímítà 3 lọ, tó sì wà lórí irin tó mọ́, kò ní yọ wàhálà. Ṣùgbọ́n mítà yìí kò ní ka nǹkan kan lórí Corvette, torí láti 1953 ni ara rẹ̀ ti jẹ́ fáíbà. Adájọ́ tí kò mọ èyí á fún fáíbà tó ti sán ní máàkì tó pé.

Pẹ́ńtà tó fín ọ̀dà nígbà òjò gbọ́dọ̀ ní àsẹ́ omi lára kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀. Bí kò bá ní in, omi á bá ọ̀dà jáde, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ojú rẹ̀ á yọ ìléròrò. Bí tínà tó yára gbẹ jù ló lò nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀, ojú ọ̀dà á funfun bíi pé wọ́n da ẹfun lé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn adájọ́ mọ àwọn àmì wọ̀nyí. Kí ẹ tún máa béèrè bí wọ́n ṣe fín in: áádínà ọ̀dà 2K, ọ̀dà tí wọ́n ń po pọ̀ mọ́ áádínà kí wọ́n tó fín in, ní kẹ́míkà isocyanate nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, aṣọ tí wọ́n so mọ́mú kò sì dá a dúró. Ó dùn wá pé ife ẹ̀yẹ lè bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ń fín ọ̀dà láìsí ìbòmú tó ní àsẹ́.

4. Ẹ̀ka kan ṣoṣo.

Nínú mọ́tò tí wọ́n tún ṣe padà sí bó ṣe wà, gbogbo ohun tó yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń yọ máàkì fún. Nínú mọ́tò àtúnkọ́, ohun tó yàtọ̀ gan-an ni iṣẹ́. Ìwé máàkì kan kò lè ṣe méjèèjì. Ẹni tó wá kábúrétọ̀ àtètèkọ́ṣe fún Jaguar E-Type rẹ̀ títí tó fi rí i, àti ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣòro, ṣùgbọ́n ìṣòro wọn ò jọra. Ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tó wà bó ṣe wà, èyí tí wọ́n tún ṣe, èyí tí wọ́n tún kọ́. A ò ní gùn lórí èyí.

5. Mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ ti ọ̀tún bọ́ sí òsì.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ April 1972, apá òsì ojú ọ̀nà ni a ń rìn ní Nàìjíríà. Ní 2 April ọdún náà la bọ́ sí apá ọ̀tún. Mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà níbí ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn púpọ̀ nínú wọn wà. Àwọn tó ń tún wọn kọ́ ń gbé e bọ́ sí òsì, kò sì sí ìlà fún iṣẹ́ yìí nínú ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni a ti ń dá oníṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbọ̀jẹ̀gẹ́.

Iṣẹ́ tó tọ́ ni pé kí wọ́n wá ràákì sítíárìn tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì, kí wọ́n gé irin tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti èèyàn, kí wọ́n sì jó o padà kí pẹ́dàlì àti másítà bíréèkì lè wà ní òsì gan-an. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kí wọ́n fi ṣéènì gbé yíyí sítíárìn láti òsì dé ọ̀tún lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Á máa já wàì lọ́wọ́ awakọ̀. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kí másítà wà lọ́tùn-ún, kí ọ̀pá irin gígùn máa so ó mọ́ pẹ́dàlì tó wà lósì; ọ̀pá yẹn máa ń yí, pẹ́dàlì á rọ̀. Ẹ wo iná iwájú pẹ̀lú. Iná mọ́tò tó ń rìn lápá òsì máa ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbàgbé láti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló máa tàn sí lálẹ́.

6. Ohùn sàlẹ́ńsà.

Ẹ yọ ọ́ kúrò. Lílu ihò sí páìpù èéfín kì í ṣe iṣẹ́, àwọn ará àdúgbò wa sì ti fara da ariwo tó.

7. Inú mọ́tò.

A ti ń rí àga tí wọ́n fi aṣọ òkè tàbí àdìrẹ bò, ó sì wù wá. Ẹ má yọ máàkì lé e lórí torí pé kì í ṣe awọ. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá òwú tí wọ́n fi rán an kò ní já, bóyá wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà sún kiri, bóyá àwọ̀ aró yẹn ti ń ṣí níbi tí oòrùn ń bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì. Bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 7/16 ínǹṣì, kí àwo irin tó nípọn ní mìlímítà 3 sì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ṣe ojú ìdè tuntun.

Àwọn kan ń fi irin yí inú mọ́tò ká bíi ti àwọn eléré ìsáré. Ìwọ̀n tí FIA, àjọ eré ìdíje mọ́tò àgbáyé, fọwọ́ sí fún irin àkọ́kọ́, èyí tó wà lẹ́yìn orí awakọ̀, ni mìlímítà 45 fífẹ̀, 2.5 nínípọn, tàbí 50 pẹ̀lú 2.0, páìpù irin tí kò ní ojú ìjó. Páìpù omi kò ṣe é fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ lójú títì kì í dé akoto, nítorí náà irin tó sún mọ́ orí rẹ̀ tí kò ní fóòmù líle lára lè pa á nínú ìjàǹbá kékeré.

8. Ìbò orí fóònù.

Inú wa dùn pé àwọn ará ìlú fẹ́ràn mọ́tò wọ̀nyí. Ẹ fún ìbò wọn ní ife ẹ̀yẹ tirẹ̀, kó dá dúró. Ẹni tó ń wo fọ́tò lórí fóònù kò lè rí róbà epo, kò lè tẹ pẹ́dàlì. Ẹni tó ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ ló máa borí, kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́. Ní Pebble Beach ní California, tí wọ́n ti ń ṣe ìfihàn mọ́tò àtijọ́ láti 1950, bí máàkì mọ́tò méjì bá dọ́gba nínú ẹ̀ka kan, èyí tó rin ìrìn ojú títì tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ìdíje, tó sì rìn ín parí, ló ń borí. A lè ṣe irú rẹ̀ níbí. Kí gbogbo mọ́tò fi ẹsẹ̀ ara wọn wá láti Mainland ní àárọ̀ Sunday, kí wọ́n gba afárá Third Mainland, tó gùn tó kìlómítà 11 ó lé díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi tírélà gbé wá kò gbọdọ̀ gba ife ẹ̀yẹ nínú ẹ̀ka àwọn tí wọ́n tún kọ́.

9. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun tí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Peugeot 504 Coupé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ ní Kàdúná, kò sì sí mẹkáníìkì àgbà l'Ékòó tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Coupé kò ti Kàdúná jáde. Pininfarina ló ṣe ara rẹ̀ ní Turin. Àlàfo láàrin táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.55, ti ọlọ́lẹ̀kùn mẹ́rin sì jẹ́ 2.74. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ 504 lásán á bá a mu. Ilẹ̀kùn rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a mu rárá. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn Coupé kan bá ti jẹ, pánẹ́ẹ̀bítà ní Mushin gbọ́dọ̀ gé irin tó nípọn ní 0.8 tàbí 1 mìlímítà, kó lù ú lórí igi àti lórí àpò iyanrìn, kó máa fi páálí tí wọ́n gé yẹ̀ ẹ́ wò títí tó fi bá òdìkejì dọ́gba, kó jó o ní kéékèèké, kó máa sinmi láàárín kí ooru má baà lọ́ ọ. Ẹ gbé èyí síbi mọ́tò tí olówó rẹ̀ ra gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn láti inú katalọ́ọ̀gì òkè òkun, tí wọ́n kàn fi bóòtù dè. Nínú ìwé máàkì tí ẹ gbé jáde, ìkejì ló máa borí.

Ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀: fọ́tò irin lásán kí wọ́n tó kùn ún, fọ́tò ojú ìjó irin, rìsíìtì ohun tí wọ́n rà. Kí oníṣẹ́ náà dúró ti mọ́tò kó dáhùn ìbéèrè. Kí pátákó tó wà níwájú mọ́tò kọ orúkọ pánẹ́ẹ̀bítà, pẹ́ńtà, rẹwáyà àti mẹkáníìkì sábẹ́ orúkọ ẹni tó ni mọ́tò. Nísinsìnyí, orúkọ ẹni tó sanwó nìkan lẹ ń pè lórí pèpéle. Ó ń dun àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn òbí máa sọ pé kí ọmọ àwọn má kọ́ṣẹ́ yìí.

10. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ dá yíyẹ ààbò wò padà, kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà: bíréèkì, sítíárìn, róbà epo, táyà, bẹ́líìtì. Mọ́tò tó bá kùnà nínú ọ̀kan ṣoṣo lè dúró fún ìwòran, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba máàkì. Fún èyí tó bá kọjá, ẹ pín ọgọ́rùn-ún máàkì báyìí fún ẹ̀ka àwọn tí wọ́n tún kọ́: ara mọ́tò àti ọ̀dà 25, ẹ́ńjìnnì, epo àti omi 25, bíréèkì, sítíárìn, sípíríìnì àti táyà 25, wáyà 10, inú mọ́tò 10, bí gbogbo rẹ̀ ṣe bára mu 5. Márùn-ún tó kẹ́yìn yẹn ni ojú lásán lè dá, a sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kéré.

Kí adájọ́ mẹ́ta wo mọ́tò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó mọ irin àti ọ̀dà, ọ̀kan tó mọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan tó mọ wáyà. Ẹni tó bá ti gba owó iṣẹ́ lórí mọ́tò kan nínú ẹ̀ka kan kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ẹ̀ka náà. Máàkì tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún ẹni tó ni mọ́tò ní ẹ̀dà kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ìdajì wákàtí tó fún mọ́tò kan, ogún ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́ lójú kan wà nínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ lè máa wo ara mọ́tò nígbà yẹn. Bí mọ́tò bá pọ̀ ju ohun tí ọjọ́ kan gbà lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Saturday.

Bó bá jẹ́ owó mítà ọ̀dà, jáàkì àti tọ́ọ̀ṣì ni ìṣòro, àwa máa kó tiwa wá. Àwọn àgbà oníṣẹ́ wà nínú wa tí wọn ò ní mọ́tò kankan nínú ìdíje yìí, wọ́n sì ti gbà láti kọ́ àwọn adájọ́ yín ní ohun tí a kọ sókè yìí fún ọjọ́ méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. A ti tẹ ìwé máàkì náà tán. Ẹ dá wa lóhùn kí ẹ tó ṣí ìforúkọsílẹ̀, kí oníbàárà tó ń sanwó iṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí lè mọ ohun tó yẹ kó san án fún.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́tò àtijọ́, Mushin, Surulere, Yaba àti Ìsàlẹ̀ Èkó